Èló ni gbogbo ẹ̀ pátá? Ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ gba yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ní Ìbàdàn

Iye tí hòtẹ́ẹ̀lì bá kọ sára pátákó tàbí sórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye yàrá lásán ni. Owó tí ẹ máa san kí ẹ tó kúrò níbẹ̀ yàtọ̀. VAT (owó orí ìjọba) máa wọ̀ ọ́, service charge (owó iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì) máa wọ̀ ọ́, owó kọ́ṣọ̀n tí wọ́n ń gbà dá dúró wà, oúnjẹ àárọ̀ ẹni kejì wà, owó pé ẹ pẹ́ kí ẹ tó jáde náà wà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe èrú, ó bá òfin mu. Ohun tó ń dunni ni pé ìgbà tí báàgì bá ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ilẹ̀ ti ṣú, tí kò sí ibòmíì tí èèyàn lè lọ mọ́, ni wọ́n máa ń dárúkọ wọn. Ó sì yani lẹ́nu pé ẹni tó lè fi ìdajì wákàtí ná ata ní ọjà Bódìjà, ṣe ló máa kàn fa káàdì yọ ní hòtẹ́ẹ̀lì láìbi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ẹ wo àdúgbò kí ẹ tó wo iye

Ìbàdàn fẹ̀. Ẹni tó lọ gba yàrá ẹdínwó ní Akóbò nítorí ìpàdé tó fẹ́ ṣe ní Ring Road, owó tó rò pé òun dá sí ni ọkọ̀ máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, yóò sì tún jókòó sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Ẹ kọ́kọ́ kọ ibi tí ẹ ti fẹ́ ṣe nǹkan sílẹ̀, kí ẹ wá hòtẹ́ẹ̀lì sí ìtòsí ibẹ̀.

Ẹni tó ń bọ̀ wá dúró ti aláìsàn ní UCH, tàbí tó níṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì Àgọ́dì, Bódìjà, Mọ́kọ́lá àti Àgọ́dì GRA ló sún mọ́ ọn. Ti UI àti Poly, Sámọ́ńdà, Sángo tàbí Bódìjà ni. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Dùgbẹ̀, lágbègbè Cocoa House, kó wo Jẹ́ríkò tàbí Mọ́kọ́lá. Bó bá sì jẹ́ Challenge, Olúyọ̀lé tàbí Ring Road ni, tó tún jẹ́ pé ojú títì láti Èkó lẹ gbà wá, ẹ má wulẹ̀ wọ àárín ìlú rárá. Ẹ sọ̀ ní Toll Gate tàbí Challenge, kí ẹ sùn sí apá ibẹ̀.

Ẹni tó bá wọ rélùwéè láti Èkó, Móníyà ló máa sọ̀, lẹ́yìn Òjóò, lápá àríwá ìlú. Ojú irin náà gùn tó kìlómítà 157, oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n sì ṣí i. Ó fini lọ́kàn balẹ̀ ju ojú títì lọ. Ṣùgbọ́n láti Móníyà dé Challenge, ẹ máa la Ìbàdàn já láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni. Ẹ ro owó ọkọ̀ yẹn mọ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sọ pé rélùwéè dínwó.

Ọjọ́ tí ẹ máa wá náà ṣe pàtàkì. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé ni òwàm̀bẹ̀ máa ń kó àlejò wọ ìlú, owó yàrá máa ń gbówó lórí, wọn kì í sì í fẹ́ dínwó rárá. Bákan náà ni nígbà Iléyá, nípárí ọdún, àti ní oṣù kọkànlá nígbà tí UI bá ń ṣe àyájọ́ ìdásílẹ̀ rẹ̀ (17 oṣù kọkànlá) àti ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú títí dé Ọjọ́bọ̀ ni yàrá máa ń ṣófo, ìgbà yẹn ni nínáa máa ń wọlé.

Ẹ pè wọ́n, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tó tọ́

Ẹ má fi íntánẹ́ẹ̀tì nìkan gba yàrá. Ẹ wá nọ́ńbà hòtẹ́ẹ̀lì náà fúnra rẹ̀, kí ẹ pè wọ́n láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lọ́jọ́ iṣẹ́, nígbà tí máníjà wà nídìí iṣẹ́. Ẹni tó máa gbé fóònù lálẹ́ kì í sábà ní àṣẹ láti dín kọ́bọ̀ kù. Ó sì lè jẹ́ pé iye tí wọ́n máa pè fún yín tààrà á kéré sí ti íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé àwọn tó ń bá hòtẹ́ẹ̀lì ta yàrá lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń gba kọmíṣọ̀n tiwọn.

Ẹ kí wọn dáadáa ná. Ẹni tó bá fi "Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí" bẹ̀rẹ̀ máa ń gbọ́ ohun tí ẹni tó kàn já lu ọ̀rọ̀ kò ní gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn:

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọjọ́ Ẹtì ni mo máa wọlé, mo máa jáde lọ́jọ́ Àìkú. Èèyàn méjì ni wá. Èló ni gbogbo owó tí mo máa san láti ìgbà tí mo bá wọlé títí tí mo fi máa jáde, pẹ̀lú VAT, pẹ̀lú service charge, pẹ̀lú owó yòówù tí ẹ bá máa ń gbà?"

"Gbogbo owó" yẹn ni kókó ìbéèrè náà. Bí ẹ bá ní "èló ni yàrá yín?", iye yàrá ni wọ́n máa sọ, wọn ò sì parọ́ fún yín. Kí wọ́n tó gbé fóònù sílẹ̀, ẹ tún bi wọ́n ní ìwọ̀nyí:

- Èló ni kọ́ṣọ̀n, ìyẹn owó tí ẹ ń gbà dá dúró nítorí ohun tó lè bàjẹ́? Ọ̀nà wo lẹ máa gbà dá a padà, ṣé lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ gan-an ni?
- Oúnjẹ àárọ̀ tí ẹ ní ó jẹ́ ọ̀fẹ́, ti ẹni mélòó ni? Ní ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì, ti ẹnì kan ṣoṣo ni, bí bẹ́ẹ̀dì tiẹ̀ jẹ́ ti ẹni méjì.
- Aago mélòó ni mo lè wọlé, aago mélòó ni mo gbọ́dọ̀ jáde? Aago méjì ọ̀sán àti aago méjìlá ọ̀sán ló wọ́pọ̀. Ẹni tó bá máa gúnlẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ lè san ìdajì owó alẹ́ kan sí i.
- Bí ọmọ tàbí ẹnì kẹta bá tẹ̀ lé wa ńkọ́? Èló ni ẹ máa ń gbà lórí mátíráàsì kan sí i?
- Ṣé WiFi, adágún ìwẹ̀ àti ibi ìgbọ́kọ̀sí wà nínú owó náà?
- Ṣé mo lè gbé oúnjẹ wọlé láti ìta? Ó máa ń bíni nínú kí wọ́n dá àmàlà àti gbẹ̀gìrì tí èèyàn ti rà dúró lẹ́nu géètì.
- Bí mo bá fi POS san, ṣé ẹ máa fi nǹkan lé e?

Lẹ́yìn ìpè náà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu lásán. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp: "Ẹ kú iṣẹ́. Gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ ọ́: yàrá kan, alẹ́ méjì, ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Àìkú, èèyàn méjì. Gbogbo owó rẹ̀ jẹ́ ₦86,000, VAT àti service charge ti wà nínú rẹ̀. Kọ́ṣọ̀n jẹ́ ₦20,000, ẹ máa dá a padà lọ́jọ́ Àìkú kí n tó kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ẹ dúró de ìdáhùn kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní reception ń pààrọ̀ ara wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ lè má sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá dé.

Ìṣirò tó yẹ kí ẹ ṣe

Ẹ jẹ́ ká fi hòtẹ́ẹ̀lì méjì ṣe àpẹẹrẹ. Èkínní ní ₦43,000 ni alẹ́ kan, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Èkejì ní ₦38,000, àmì ìròpọ̀ méjì (++) sì wà lẹ́yìn iye náà. Ẹni tó bá ń wo iye nìkan máa sáré lọ síbi ₦38,000. Àmì méjì yẹn ni service charge àti VAT. Bí service charge bá jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ₦3,800 nìyẹn, ó di ₦41,800. VAT, tó ti jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù kejì ọdún 2020, máa jẹ́ ₦3,135 lórí rẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ di ₦44,935 lálẹ́ kan. Hòtẹ́ẹ̀lì tó "dínwó" ti wọ́n ju èkínní lọ pẹ̀lú ₦1,935. (Àwọn kan máa ń ṣírò VAT lórí yàrá nìkan, ó máa wá jẹ́ ₦44,650. Kò tó ohun tí à ń bá èèyàn jà sí.)

Alẹ́ méjì jẹ́ ₦89,870. Ẹ wá fi oúnjẹ àárọ̀ ẹni kejì kún un, ká ní ₦4,500 lẹ́ẹ̀mejì: ₦98,870. Ọjọ́ Àìkú, ẹ sùn gbàgbé, ẹ jáde ní aago mẹ́ta ọ̀sán, wọ́n gba ìdajì owó yàrá, ₦19,000: ₦117,870. Ohun tó wà lọ́kàn yín látilé ni ₦76,000.

Àṣìṣe kan wà tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣàkíyèsí: kí wọ́n gba VAT lẹ́ẹ̀mejì. Iye tí wọ́n pè fún yín ti ní VAT nínú, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tẹ rìsíìtì tún ń fi ìdá 7.5 lé ohunkóhun tí wọ́n bá tẹ̀ sínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ₦46,225 lórí ìwé dípò ₦43,000, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi 1.075 pín ₦43,000 lórí fóònù yín níwájú wọn: ₦40,000 ló máa jáde, ₦3,000 tó kù ni VAT, ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n á tún un ṣe, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀.

Owó orí yòówù tí wọ́n bá gbà, ti ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀, ó yẹ kó ní ìlà tirẹ̀ lórí rìsíìtì, kí TIN hòtẹ́ẹ̀lì náà, ìyẹn nọ́ńbà tó fi ń san owó orí, sì wà lórí rẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì tó ń gba VAT lọ́wọ́ àlejò tí kò sì ní TIN tó lè fi hàn, ta ló ń bá gbowó?

Iná

Ibí yìí gan-an ni ìjà pọ̀ sí, ju owó oúnjẹ lọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó iná àwọn tó wà lórí Band A (àwọn tó yẹ kí iná wà fún jù) sì fò sókè ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń tan jẹnẹrétọ̀. "Iná wa ò kí ń lọ" lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè túmọ̀ sí pé gílóòbù ń tàn, kó má sì sí AC láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ohun tó fà á ni pé bátìrì àti sólà tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò lè gbé gílóòbù, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n AC àti ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná máa ń fa iná ju agbára wọn lọ. Nítorí náà ẹ má bi wọ́n pé "ṣé iná wà?" Ẹ bi wọ́n pé: "Láti aago mélòó sí aago mélòó lẹ ń tan jẹnẹrétọ̀? Bí NEPA bá mú iná lọ lọ́sàn-án, ṣé AC á ṣì ṣiṣẹ́?" Bí wọ́n bá ní àdúgbò àwọn wà lórí Band A, ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́ ló yẹ kí iná wà. Ẹ ṣì béèrè nípa ìyókù.

Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní yàrá tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀yìn ilé ló sábà máa ń wà, nítorí náà yàrá iwájú, ní òkè kìíní tàbí ìkejì, ló dára jù, àyàfi bó bá dojú kọ gbọ̀ngàn àríyá. Hòtẹ́ẹ̀lì tó bá kọ "short rest" (yàrá oníwákàtí díẹ̀) sára ògiri, ẹ máa gbọ́ ìró ilẹ̀kùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ wá ibòmíì.

Nígbà tí ẹ bá dé: ẹ wo yàrá, kí ẹ tó sanwó

Ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ wo yàrá náà gan-an, kì í ṣe èyí tó jọ ọ́. Ẹ tan AC, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí kò sí AC tí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ẹ ṣí omi gbígbóná àti tútù, ẹ fi omi ṣan tọ́ìlẹ́ẹ̀tì, ẹ ti ilẹ̀kùn láti inú, ẹ wo nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé, ẹ gbìyànjú WiFi lórí bẹ́ẹ̀dì gan-an. Bí nǹkan kan bá kù, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀. Gbàrà tí ẹ bá ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á ní yàrá ti di lílò, àwọn ní láti pààrọ̀ bẹ́ẹ̀díṣíìtì, pípààrọ̀ yàrá á sì wá di àríyànjiyàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù ya fídíò ìṣẹ́jú méjì: tówẹ̀lì, bẹ́ẹ̀díṣíìtì, rìmóòtù, kẹ́tùlù, ògiri, àbàwọ́n tó bá ti wà nílẹ̀. Ẹ ṣí fíríìjì, kí ẹ ya ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohun mímu inú fíríìjì kì í ṣe ọ̀fẹ́, ó sì máa ń wọ́n ju ti ìta lọ. Ẹni tó bá ti ibi ìyàwó bọ̀ kó kíyè sára: làálì, tìróò àti ìpara máa ń ba tówẹ̀lì funfun jẹ́, inú kọ́ṣọ̀n ni wọ́n sì ti máa yọ owó rẹ̀. Ẹ mú tówẹ̀lì tiyín dání fún ìyẹn.

Bí ẹ bá máa fi tiránsífà sanwó, ẹ wo orúkọ tó jáde lórí àkáǹtì. Orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé-iṣẹ́ tó ni ín ló yẹ kó jẹ́. Bó bá jẹ́ orúkọ ẹnì kan lásán, ẹ má sanwó, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lára pátákó hòtẹ́ẹ̀lì náà. Kí ẹ sì gba rìsíìtì kọ́ṣọ̀n lọ́tọ̀, tí wọ́n kọ "kọ́ṣọ̀n, a máa dá a padà" sí.

Kọ́ṣọ̀n àti bí ẹ ṣe máa jáde

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ọjọ́ Àìkú, aago méjìlá ku díẹ̀, ọkọ̀ ti ń dúró níta. Ẹ béèrè kọ́ṣọ̀n, ọmọbìnrin tó wà ní reception ní akáúńtáǹtì kì í wá lọ́jọ́ Àìkú, pé kí ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì sílẹ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi dọ́gbọ́n. Owó yín ti wọ àkáǹtì ilé-iṣẹ́, kò sì ní àṣẹ láti yọ ọ́. Ibẹ̀ ni owó kéékèèké ti ń sọ nù, nítorí ẹni tó ti padà dé Èkó tàbí Ìlọrin kì í fẹ́ máa pe nọ́ńbà kan ṣáá nítorí ₦20,000.

Nítorí náà, alẹ́ tó ṣáájú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ bá wọn ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́: "Àǹtí, aago mẹ́wàá àárọ̀ ọ̀la ni mo máa lọ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún máníjà kí kọ́ṣọ̀n mi ti wà nílẹ̀." Bí wọ́n bá ní kò ní ṣeé ṣe, ẹ ní kí wọ́n yọ owó oúnjẹ alẹ́ àti ti àárọ̀ yín nínú rẹ̀, kí ìyókù tó kù má pọ̀. Láàárọ̀, ẹ pe ẹni tó ń tọ́jú yàrá kó wá yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ẹ ṣì wà nínú rẹ̀, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún reception pé kò sí ohun tó bàjẹ́. Ẹ má kó ẹrù jáde tán kí wọ́n tó wá lọ rí àbàwọ́n.

Ẹni tó fẹ́ pẹ́ jáde kó béèrè lálẹ́ yẹn náà. Bí kò bá sí àlejò tó ń bọ̀ wá wọ yàrá náà, ọ̀pọ̀ wọn máa ń fún èèyàn ní wákàtí kan tàbí méjì lọ́fẹ̀ẹ́. Ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, inú rere yẹn ti lọ.

Owó tó ń jò lẹ́yìn hòtẹ́ẹ̀lì

Ọkọ̀ tí hòtẹ́ẹ̀lì bá bá yín pè sábà máa ń wọ́n ju Bolt tàbí inDrive lọ. Ẹ wo iye orí fóònù ná. Ti Máíkírà, ìyẹn táksí kékeré Ìbàdàn, ohun tó máa ń ko àlejò lójú ni pé bí ẹ bá wọ èyí tó ṣófo, tí ẹ kàn dárúkọ hòtẹ́ẹ̀lì yín, awakọ̀ lè kà á sí drop, kó sì gba owó gbogbo ìjókòó. Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn: "Bọ̀ọ̀dá, kì í ṣe drop o. Èló ni ẹnì kan dé Mọ́kọ́lá?" Ẹ mú ṣéńjì dání. Ní gáréèjì, ẹ dúnàádúrà owó ẹrù kí ẹnikẹ́ni tó gbé e sínú búùtù.

Owó ATM náà wà níbẹ̀. Láti oṣù kẹta ọdún 2025, bí ẹ bá lo ẹ̀rọ báńkì tí kì í ṣe tiyín, ₦100 ni lórí ₦20,000. Bí ẹ̀rọ náà kò bá sí nínú ọgbà báńkì, bíi tàwọn ilé ìtajà àti hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n tún lè fi tó ₦500 lé e. Ẹ lọ sí báńkì tiyín.

Bí ọ̀rọ̀ bá di àríyànjiyàn

Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 wà fún èyí. Abala 115 rẹ̀ ní kí olùtajà gbé iye ọjà tàbí iṣẹ́ rẹ̀ síta kedere, kò sì gbọ́dọ̀ gbà ju iye tó gbé síta lọ. Abala 120 ní ẹ lè fagi lé yàrá tí ẹ ti gbà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì yọ ìwọ̀n owó tó bọ́gbọ́n mu, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. (Ìbàdàn nìkan kọ́ ni wàhálà yìí wà: ní Amẹ́ríkà, ó di oṣù karùn-ún ọdún 2025 kí òfin ìjọba àpapọ̀ wọn tó ní kí hòtẹ́ẹ̀lì máa fi àpapọ̀ owó hàn látìbẹ̀rẹ̀.)

Ẹ má pariwo mọ́ ọmọ tó wà ní reception, kì í ṣe òun ló ṣòfin. Ẹ ní kó pe máníjà, kí ẹ fi WhatsApp hàn án. Bí wọn ò bá gbà, ẹ san èyí tí ẹ ò jiyàn sí. Bí wọ́n bá fi dandan gba ìyókù, ẹ kọ ọ́ sórí ẹ̀dà rìsíìtì tó máa wà lọ́wọ́ wọn pé ẹ ò fara mọ́ ọn, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń gba ẹ̀sùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ fi rìsíìtì, fọ́tò WhatsApp, ọjọ́ tí ẹ wọlé àti ọjọ́ tí ẹ jáde, àti ẹ̀rí tiránsífà sínú rẹ̀. Ẹ kọ iye tí ẹ fẹ́ gbà padà gan-an àti ìdí rẹ̀, bíi "₦3,225 tí wọ́n gbà gẹ́gẹ́ bíi VAT lẹ́ẹ̀kejì". Ẹ̀sùn tó kàn ní "wọ́n rẹ́ mi jẹ" kò ní ohun tí ẹnikẹ́ni lè dì mú nínú rẹ̀.